Àwòrán Mẹ́rìnlélógójì Tó Ṣẹ́kù Sínú Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá wọ ọjà Okaishie ní Accra, tí ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gílóòbù kọjá, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, tí wáyà rọ̀ bò lójú pátápátá. Ẹ̀yìn wáyà yẹn ni Bùràímọ̀ máa ń wà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, Accra ni wọ́n bí i sí, Dansoman ló ń gbé, ṣájà àti wáyà àti mẹ́mọ́rì fóònù ló ń tà. Àwọn Gánà tí wọ́n jọ ń tajà ń pè é ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ẹnjiníà, nítorí kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé òun lè tún un ṣe. Ká sòótọ́, ó ń tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Àwọn tí kò rí tún ṣe ni Zuweira ìyàwó rẹ̀ ń kó sábẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ti pọ̀ débi pé ibùsùn náà ti ń ga sókè.

Bùràímọ̀ yìí kan náà ló jókòó lọ́dún tó kọjá, tó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ká fídíò ńlá di kékeré. Kì í ṣe pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ́n. Rasheedah, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Tema, sọ fún un. Rasheedah gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá di pé kó fèsì, èdè mẹ́ta ni yóò pò pọ̀.

"Daddy, app wà fún un. Free. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́, finish."

"Mo ti lo ọ̀fẹ́ yẹn rí," ni Bùràímọ̀ wí. "O sì mọ ohun tójú mi rí."

Ohun tójú rẹ̀ rí ni pé ètò ọ̀fẹ́ náà kọ orúkọ àwọn tó ṣe é gàdàgbà sí iwájú orí gbogbo ẹni tó wà nínú fídíò, ìyá rẹ̀ sì ránṣẹ́ láti ilé pé ta ló kọ ilà fún àwọn ọmọ òun láìbi òun. Láti ọjọ́ náà ni Bùràímọ̀ ti búra pé òun kò ní gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́.

Ìyá yìí ni gbogbo wàhálà náà wà fún. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, ó ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀jìgbò lọ́dọ̀ Àkíbù, àbúrò Bùràímọ̀. Etí rẹ̀ ti di, àfi kí èèyàn lọgun sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kedere. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé náà kò ju ohùn lọ, àní ohùn náà, àfi bí Àkíbù bá gun orí àpáta. Nítorí èyí ni Àkíbù ṣe ra tẹlifíṣọ̀n kékeré alágbèéká kan fún ìyá wọn, èyí tó ń gba mẹ́mọ́rì. Bùràímọ̀ yóò ya fídíò gbogbo ilé ní Dansoman, yóò kó o sínú mẹ́mọ́rì, yóò dì í sínú ọ̀rá, yóò fi rán Mutala, oníṣòwò kan tó ń lọ sílé lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Àmọ́ agbára tẹlifíṣọ̀n náà kéré. Bí wọ́n bá kó fídíò fóònù sínú rẹ̀ bó ṣe rí, ńṣe ni yóò ṣókùnkùn, tí yóò gbóná. Àfi kí wọ́n ká fídíò náà kéré kí ó tó lè gbé e.

Ọdún kan gbáko ni Bùràímọ̀ fi kọ́ iṣẹ́ náà. Kó tó máa ta wáyà, tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, nítorí náà ó gbà pé kò sí àṣírí tí fídíò lè fi pamọ́ fún òun. Láàárọ̀, kí àwọn oníbàárà tó dé, yóò gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ Rasheedah ka orí páálí ṣájà, yóò máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Rasheedah ló fi láíbìrì hàn án. Láíbìrì tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ìwé o. Àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn kan ti ṣe sílẹ̀ ni, tí ẹlòmíràn lè pè lò nínú ètò tirẹ̀. Èèyàn yóò sọ fún un bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ga tó, àti iye àwòrán tí yóò wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì máa gbé àwòrán náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láíbìrì yóò máa gbà á, yóò máa ká a, yóò sì máa dá èyí tó ti ká padà.

Ohun tó wu Bùràímọ̀ jù níbẹ̀ ni ọgbọ́n tó fi ń ká a. Àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ló ń kọ sílẹ̀ lódindi. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tó bá yí padà ló ń kọ. "Ògiri ilé mi kò kúrò níbi tó wà," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, ì báà bèèrè, ì báà má bèèrè. "Kí ló dé tí a ó fi máa tún un kọ?" Àwọn tó wá ra ṣájà a ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn a gba ṣájà wọn, wọn a sì tètè máa lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ètò náà ṣiṣẹ́, gbogbo ilé di àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ àwòrán nìkan ni Bùràímọ̀ kó fún láíbìrì, kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó àwọ̀ fún un. Zuweira wo ara rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ikrimah, ṣé ẹ fẹ́ fi mí se ọbẹ̀ ewé kontomire ni?" Ìgbà kejì, àwọ̀ pé, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan tilétilé, nítorí pé ìlà àwòrán inú láíbìrì gùn díẹ̀ ju ìlà tí Bùràímọ̀ ń kó sí i lọ. Ìgbà kẹta, ó gbàgbé láti kọ àkókò sára àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìkíni odindi ìṣẹ́jú kan sì parí kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ ì bá rí Bùràímọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ tó ń dìde bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ká má purọ́ mọ́ ọn. Nínú àwòrán mẹ́ta tí fóònù bá yà, ó mú ọ̀kan, ó wá ku mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ̀ sì gbé e láìgbóná. Ó sọ ètò náà ní Akáfídíò. Ó tún kọ ọ́ kó jẹ́ pé nígbàkúùgbà tó bá ṣiṣẹ́ tán, yóò kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé Bùràímọ̀ ló ṣe é, bí ẹni pé ẹlòmíràn wà nínú ilé náà tó tún ń bá a dù ú. Fídíò rẹ̀ kò ní ohùn, nítorí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ká ohùn, ó sì fi tọkàntọkàn dúpẹ́ pé etí ìyá òun ti di. Nígbà tó wá rí ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí, ojú tì í, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá ń kí Màámi, bí wọ́n ṣe ju ara wọn lọ ni wọ́n ń tẹ̀léra. Bùràímọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan kò ní gbọ́, ó juwọ́, ó fi fáànù tuntun hàn, ó tún juwọ́. Zuweira kúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Ikrimah àkọ́bí dọ̀bálẹ̀, Rasheedah kúnlẹ̀. Afua, ìyàwó Ikrimah, ló kẹ́yìn. Ọmọ Akan ni, òun ló wọlé kẹ́yìn, nítorí náà òun ló ń kí kẹ́yìn. Inú oyún ló wà nígbà náà, ojú sì máa ń tì í níwájú fóònù, kíákíá ló kúnlẹ̀ tó rẹ́rìn-ín tó dìde. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, Bùràímọ̀ nìkan ló sì gba ìdajì.

Kó tó fi ránṣẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí Bùràímọ̀ ń pè ní yíyẹ̀wò ni kó wo ara rẹ̀ títí yóò fi juwọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó ní ó dáa, kó sì pa á. Zuweira wo tirẹ̀, ó ní ìbòrí òun wọ́. Rasheedah wo ibi tó ti kúnlẹ̀, ó padà sídìí fóònù rẹ̀. Afua kò wò ó rárá, nítorí ojú ń tì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Àkíbù pè láti orí àpáta. Ó ní Màámi gbádùn fídíò náà, ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè pé ṣé ìyàwó tuntun yẹn kì í kí èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Afua. "Baba, mo kúnlẹ̀," ló wí. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀." Bùràímọ̀ rò ó sọ́tùn-ún sósì, ó dá ẹjọ́ náà, ó ní Àkíbù ló ń pa tẹlifíṣọ̀n kó tó parí. Ti pé kí ó wo fídíò náà dópin, kò wá sí i lọ́kàn.

Nígbà tó yá, Afua bímọ. Ìrọbí náà le, ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní ọsibítù, Màámi sì gbọ́ ní abúlé. Ọmọ náà jẹ́ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Afeefah, òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ Màámi. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, wọ́n to ara wọn síwájú fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ó juwọ́. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Afua gbé Afeefah wá gbẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀, ó yí ojú ọmọ sí fóònù, ọmọ náà yán, ó parí. Bùràímọ̀ ká a, ó wo ara rẹ̀, ó ní ó dáa, Mutala gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ra wáyà ní Okaishie tí kò gbọ́ pé ìyá Ẹnjiníà ń wo ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú ohun tí Ẹnjiníà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni Àkíbù pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sòótọ́ fún mi. Ṣé Afua wà láàyè?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Màámi ò rí i, wọn ò sì rí ọmọ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n rí yín, wọ́n rí Ìyá Ikrimah, wọ́n rí Ikrimah àti Rasheedah, ó tán. Wọ́n ní ẹ ti sin ìyá àti ọmọ. Wọn ò jẹun láti àná."

"Sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì wà. Sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní nítorí pé ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀ ni."

Bùràímọ̀ jókòó sórí páálí ṣájà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí i. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, bàbá wọn kú sí Accra nígbà tí Màámi ti padà sílé. Àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n má tíì jẹ́ kó gbọ́, kí ara rẹ̀ lè kọ́kọ́ balẹ̀. Bùràímọ̀ ni wọ́n ní kó máa pè. Odindi oṣù méjì ló fi ń pe ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń ní Bàbá ní kí òun kí wọn, ara Bàbá ti ń yá, nígbà tí Bàbá ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ fún Màámi, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sì mẹ́nu kàn án fún Bùràímọ̀ títí di òní. Bùràímọ̀ náà kò mẹ́nu kàn án, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń fi mẹ́mọ́rì ránṣẹ́ ṣáá.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí Dansoman, ó tan láptọ́ọ̀pù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ká fídíò, ó wò ó dópin. Ó rí Rasheedah tó kúnlẹ̀, tó ń dìde. Kò tíì dìde tán tí ó fi parí. Ó ṣí ti Ìtúnu Ààwẹ̀, bákan náà ni. Afua jókòó sórí àga níwájú rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń fún Afeefah lọ́yàn, Bùràímọ̀ kò sì lè wojú rẹ̀.

Rasheedah wá láti Tema lọ́jọ́ kejì. Kò fẹ̀sùn kàn án, kò sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú kó rín.

"Daddy, picture mélòó lẹ gbé wọlé?"

Bùràímọ̀ kọ ìlà kan kí ètò náà lè máa ka iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Ó yẹ kó ti mọ̀. Kò sí páálí ṣájà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí tí kò kà nígbà tó ń wọlé. Ẹgbẹ̀ta wọlé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló jáde.

"Mẹ́rìnlélógójì ò jáde," ni Bùràímọ̀ wí. "Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àti díẹ̀. Níbo ni wọ́n lọ?"

"Wọn ò lọ síbì kankan. Inú láíbìrì ni wọ́n wà. Kó tó ká ọ̀kan, ó máa kọ́kọ́ wo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, so ó máa ń mú wọn dání. Ẹ gbé last one fún un, ẹ close file. Kò sí ẹni tó sọ fún un sɛ awie."

"Pé ó ti tán? Ṣé kò rí i pé mi ò gbé nǹkan kan wá mọ́ ni?"

"Kò lè rí i, Daddy. Ó rò pé ẹ ṣì ń bọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ fún un pé ó ti tán ni pé wọ́n máa gbé òfìfo fún un níbi tó ti ń retí àwòrán. Bó bá ti gba òfìfo, yóò mọ̀, yóò sì kó gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni. Bùràímọ̀ fi ìka kan rẹ̀ tẹ ìlà mẹ́ta náà. Ẹgbẹ̀ta wọlé, ẹgbẹ̀ta jáde. Rasheedah dìde tán, Afua wọlé, ó kúnlẹ̀, Afeefah yán.

Wọ́n tún ká ti Ìtúnu Ààwẹ̀. Afua wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó di apá àga mú, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀.

"Me nso, èmi náà kúnlẹ̀," ni Afua wí jẹ́jẹ́.

"Mo rí i," ni Bùràímọ̀ wí. "Ìyá Afeefah, má bínú sí mi. Èmi ni mo gbé ọ mì." Zuweira ní òun yóò kó Akáfídíò sábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mutala kó mẹ́mọ́rì tí wọ́n kó fídíò méjèèjì sí lọ ní ọjọ́ Túsìdeè. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Bùràímọ̀ kò ṣàlàyé fídíò fún ẹnì kankan ní Okaishie, àwọn oníbàárà sì rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ kẹfà ni Àkíbù pè.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rí wọn. Bí ọmọ yẹn ṣe yán, Màámi náà yán. Wọ́n jẹ iyán lónìí. Wọ́n ní kí n sọ fún Afua pé àwọn gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ti ọdún àti ti ọmọ."

"Èmi ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kí o sọ fún mi?"

"Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò purọ́ fún àwọn."

Bùràímọ̀ dúpẹ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan bèèrè ṣájà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́mọ́rì ló gbé fún un. Lọ́tẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀ fi dákẹ́ kó tó wí i, kò sì ju gbólóhùn kan lọ.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó pe gbogbo ilé jọ síwájú fóònù. "Ọmọ ni yóò kọ́kọ́ jáde," ló wí. Zuweira fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é. Afua gbé Afeefah síwájú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú. Rasheedah tẹ̀lé e, Ikrimah tẹ̀lé e, Zuweira tẹ̀lé e, ó wá lọ dúró ti fóònù. Bùràímọ̀ ló kẹ́yìn. Kò juwọ́. Kò fi fáànù hàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀, kò sì dìde.

"Bàbá Ikrimah," ni Zuweira wí nígbà tó pẹ́, "ìgbà wo ni mo máa pa á?"

"Máa pa á báyìí."

"Ẹ ò tíì dìde."

"Pa á bẹ́ẹ̀."

Ó ká a. Ẹgbẹ̀rin wọlé, ẹgbẹ̀rin jáde. Ó wò ó dópin, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní ju àtàrí rẹ̀ tó ti ń pá lọ, èyí tí Zuweira kò gbójú fò. Mutala gbé e lọ.

Nígbà tí Àkíbù pè, Bùràímọ̀ wà lẹ́yìn wáyà rẹ̀, ó ń ka páálí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wò ó tán, wọ́n tún un wò. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ àyà fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ṣé orí ilẹ̀ lẹ ṣì wà láti ọjọ́ yẹn."

Bùràímọ̀ gbé páálí tó ń kà sílẹ̀. "Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ dìde."